Ẹ̀rọ ìka ka 98, dókítà ní ó lè jẹ́ pé ọ́síjìn kò dé inú kókó ọrùn Bàbá

Abígbẹ̀yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, mo ní kí n gbé e wá síbí.

Kókó kan yọ sí ọrùn bàbá mi lápá òsì, lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì jáde pé jẹjẹrẹ ni, pé ẹ̀yìn ahọ́n lọ́hùn-ún ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ràn dé ọrùn. Ìtànṣán ọ̀sẹ̀ méje pẹ̀lú kẹ́mò ni wọ́n fẹ́ fún wọn. Ìyẹn ti yé wa, a sì ti gbà. Àmọ́ lánàá ni dókítà tún ní kí Bàbá wá ya àwòrán PET mìíràn (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi oògùn onítànṣán díẹ̀ yà), tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ọ́síjìn ń dé inú kókó náà. Wọ́n ní ara iṣẹ́ ìwádìí ni, pé bí a bá kọ̀, kò sí ìjà.

Ibi tó ti rú mi lójú rèé: níbẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì ti fi ẹ̀rọ kékeré yẹn há ìka Bàbá, ó sì ka 98. Ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 98 nínú 100, báwo ni yóò ṣe tún ní ibi tí ọ́síjìn kò dé lára? Ṣé kí n wá agolo ọ́síjìn sílé ni, kí wọ́n máa fà á símú títí ìtọ́jú yóò fi bẹ̀rẹ̀? A ti délé kí ìbéèrè yìí tó sọ sí mi lọ́kàn.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, àbúrò. Ara wọn á yá.

Ẹ̀rọ ìka yẹn kò purọ́, ohun tí kò mọ̀ lẹ ń bi í. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó wo ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ìka kọjá, kó sì sọ iye hẹmoglóbíìnì tó gbé ọ́síjìn dání. Ẹ fi wé ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ń sọ fún wa pé nínú 100 ọkọ̀ tó kúrò ní ibùdó, 98 ló kún fún ẹrù. Kò lè sọ bóyá ọ̀nà wà tí ọkọ̀ lè gbà dé ilé tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò. Nínú kókó jẹjẹrẹ, ẹrù kọ́ ló wọ́n, ọ̀nà ni kò sí.

Torí náà, ẹ fi agolo sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti kún dé 98, kín ni agolo fẹ́ rọ sí i?

Onítànṣán

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ka ìtànṣán ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀nà kò fi sí.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń bí sí i kíákíá ju bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe lè tẹ̀ lé e lọ. Èyí tó sì hù nínú kókó náà kì í gún: ó wọ́, ó ń jò, òmíràn á dí fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á tún là. Ọ́síjìn tó bá jò jáde lára iṣan bẹ́ẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ló ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Kó tó rìn tó nǹkan bí 0.15 mìlímítà, ó ti tán. Lọ́dún 1955, Thomlinson àti Gray wo ègé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ maikirosikópù, wọ́n sì rí i pé bí kókó ṣe ń nípọn sí i ni àárín rẹ̀ ń kú, ṣùgbọ́n ìpele sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, tó wà láàárín iṣan ẹ̀jẹ̀ àti ibi tó ti kú, kò nípọn sí i. Ìrìn tí ọ́síjìn lè rìn ló pààlà fún un.

Èyí tó kú pátápátá kò dá wa lágara. Àwọn tó wà ní bèbè ni wàhálà wa: ebi ń pa wọ́n, wọn kò sì kú. Ìtànṣán máa ń já okùn DNA inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀ lákòókò náà gan-an, yóò so mọ́ ojú ibi tó já, kò ní jẹ́ kó ṣeé tún ṣe. Bí kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì á rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ dì. Ìdí nìyí tí sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn rárá fi ń fẹ́ ìtànṣán ìlọ́po 2.5 sí 3 kó tó kú bí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí ọ́síjìn jẹ.

Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, torí òun la ó máa lò: ọ́síjìn inú ara ọrùn tó dá ṣáṣá sábà máa ń wà ní nǹkan bí 40 sí 50 mmHg, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń ka bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó. Nínú kókó, bó bá ti wálẹ̀ kọjá 10, ọ̀rọ̀ ti ń yí nìyẹn. Bó bá kọjá 2.5 lọ sísàlẹ̀, ebi gidi ti dé.

Ojú-lalákàn

Ìtàn yìí dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ta ló wọ inú ọrùn èèyàn lọ ka mmHg? Gbogbo ìgbà lẹ̀ ń sọ 2.5, 10, 40, bí ẹni pé ẹ fi ìwọ̀n ọjà wọ̀n ọ́n.

Onítànṣán

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ọ̀gá. Mi ò ṣàwàdà.

Iléeṣẹ́ Eppendorf ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ kan tó ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Inú ṣónṣó abẹ́rẹ́ náà ni okùn wúrà wà, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Iná mànàmáná díẹ̀ wà lára wúrà náà. Ọ́síjìn tó bá kan án á gba iná mọ́ra, bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó ni ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Wọ́n á pa ojú awọ ara lóró, wọ́n á ti abẹ́rẹ́ bọ inú kókó ọrùn, mọ́tò kékeré á sì máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀: ó lọ síwájú ní mìlímítà kan, ó padà sẹ́yìn ní 0.3 kó má baà tẹ ara mọ́lẹ̀, ó kà, ó tún lọ. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn títí á fi la kókó náà kọjá, wọ́n á tún yọ ọ́, wọ́n á gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ṣe tán, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ló máa wà nílẹ̀.

Nordsmark àti Overgaard ní Aarhus, ní Dẹ́nmáàkì, lo ẹ̀rọ yìí púpọ̀. Wọ́n fi èsì kan síta lọ́dún 1996. Lọ́dún 2005, wọ́n kó ti àwọn ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, ó jẹ́ aláìsàn 397, gbogbo wọn ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú. Ohun tí wọ́n ń kà ni ìdá àwọn ojú ibi tí ọ́síjìn wọn kò tó 2.5 mmHg nínú kókó kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí tiwọn ju 19 lọ nínú 100 kò pẹ́ láyé tó àwọn yòókù.

Ẹ̀rọ náà kò sí lọ́jà mọ́. Ibi tí ọwọ́ bá tó nìkan ló ṣeé lò fún, bíi kókó ọrùn. Ẹ̀yìn ahọ́n Bàbá yìí, ta ló fẹ́ máa gún un lábẹ́rẹ́ kiri? Òpójẹ̀ ńlá tó gba ọrùn lọ sí ọpọlọ sì wà nítòsí ibi tí wọ́n ń gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ dán an wò. Ohun tó wá burú jù ni pé abẹ́rẹ́ kò mọ òkú yàtọ̀ sí ẹni tí ebi ń pa. Ibi tó ti kú á ka òdo, ibi tó ń jìyà á ka nǹkan bí òdo, kò sí ẹni tó lè fi nọ́ńbà nìkan yà wọ́n.

MoTiDébẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi tó ti dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ rí. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ wúrà o, àwòrán PET yìí ni. FMISO ni wọ́n ń pe oògùn rẹ̀.

Wọ́n gún mi lápá, wọ́n fa oògùn náà sínú iṣan, kò gbóná, kò tutù, mi ò mọ nǹkan kan lára. Lẹ́yìn náà ni ìdúró dé. Ìdúró yẹn ni kẹ́ ẹ sọ fún Bàbá! Ó lé ní wákàtí méjì kí wọ́n tó pè mí wọlé. Kẹ́ ẹ gbé ohun tí wọ́n máa kà tàbí tí wọ́n máa gbọ́ dání. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n fi agọ̀ ojú tí wọ́n ti ṣe fún ìtànṣán dè mí mọ́ orí tábìlì, kí orí mi lè wà bó ṣe máa wà lọ́jọ́ ìtọ́jú. Agọ̀ yẹn le díẹ̀, ṣùgbọ́n ihò wà tí èèyàn fi ń mí.

Wọ́n ní kí n mu omi dáadáa, kí n má sún mọ́ aláboyún àti ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní agbára ìtànṣán inú oògùn náà máa ń dín sí ìlàjì láàárín 110 ìṣẹ́jú, pé títí di ọjọ́ kejì kò ní ku nǹkan tó ṣe é kà sí.

Oníláàbù

Ẹ ṣeun, MoTiDébẹ̀. Ìdúró yẹn ní ìdí, ẹ ò kàn jókòó lásán.

FMISO jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní nitroimidazole. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ń wọ̀, kò ní ojúsàájú. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, àwọn ẹ́ńsáìmù á fún un ní ẹlẹ́kítíróònù kan. Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, á já ẹlẹ́kítíróònù yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oògùn náà á padà sí bó ṣe wà, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ọ́síjìn kò bá sí, kò sẹ́ni tó máa já a gbà. Ẹ́ńsáìmù á tún fi òmíràn lé e, oògùn náà á dàgbà di ohun mìíràn tó ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì, kò ní lè jáde mọ́. Ibi tó bá há sí ni PET máa rí tó ń tàn.

Ẹ wá wo ibi tó ti dáa ju abẹ́rẹ́ lọ: òkú sẹ́ẹ̀lì kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́. Oògùn kò lè há síbẹ̀. Àwọn tó wà láàyè tí ebi sì ń pa nìkan ló ń dá a dúró, àwọn gan-an la sì ń wá.

Àmọ́ ó ní àbùkù tirẹ̀. Ó lọ́ra láti wọlé, ó lọ́ra láti jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró wákàtí méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀. Ẹ ò ní rí i kó tàn yanran bíi ti PET oníṣúgà tí Bàbá ti yà. Wọ́n á fi ìtàn kókó wé ìtàn ẹ̀jẹ̀ tàbí ti ẹran ara, bó bá fi díẹ̀ jù ú lọ, wọ́n á ní ebi wà níbẹ̀. FAZA àti HX4 ni àwọn àbúrò FMISO tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè tètè jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Àbùkù kejì ló ń dùn mí jù. Onítànṣán ní ọ́síjìn ń tán láàárín 0.15 mìlímítà. Ohun tó kéré jù tí PET lè rí yàtọ̀ tó mìlímítà mẹ́rin tàbí márùn-ún! Nínú ojú kan ṣoṣo lórí àwòrán yẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì tó yó àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ebi ń pa ló jọ wà níbẹ̀, a wá pò wọ́n pọ̀, a pín in dọ́gba, a fún wọn ní nọ́ńbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi kó fún aláìsàn ní pimonidazole kí wọ́n tó gé díẹ̀ lára kókó. Òun náà ń há bíi FMISO, láàbù á sì kun ún kó lè hàn lábẹ́ maikirosikópù. Ìyẹn dára púpọ̀, mo ti wò ó lójú ara mi, ó rẹwà bí àwòrán ilẹ̀ tó ní odò. Ṣùgbọ́n ègé kan ṣoṣo ni, kókó náà sì tóbi ju ègé lọ.

Abígbẹ̀yìn

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ka ti Oníláàbù sókè fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní “oògùn tó mọ ẹni tí kò jẹun.”

Ìbéèrè méjì ṣì kù o. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ tó gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò ṣe sọ. Ẹnìkan ní abẹ́rẹ́ kan wà tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀ púpọ̀, ṣé a lè wá a rà kí ọ́síjìn lè pọ̀ sí i? Èkejì, Bàbá ṣì ń mu sìgá, kò ju igi méjì sí mẹ́ta lóòjọ́ lọ. Ṣé ìyẹn kàn án?

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ó kàn án dáadáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu mi mì. Mo ní ẹ̀rọ ìka kò purọ́. Mi ò mọ̀ pé Bàbá ń mu sìgá nígbà yẹn. Èéfín sìgá ní carbon monoxide nínú, ó sì máa ń gùn orí hẹmoglóbíìnì, á gba ààyè ọ́síjìn. Ẹ̀rọ ìka kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra: ó rí ọkọ̀ tó kún, ó ní ó kún, kò mọ̀ pé èéfín ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, 98 Bàbá lè má jẹ́ 98 tán. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì náà ti rí i pé ẹni tó ń mu sìgá nígbà tó ń gba ìtànṣán, ìtọ́jú kì í jẹ́ fún un tó bó ṣe yẹ. Bí ohun kan bá wà tí Bàbá lè ṣe lónìí tó máa kan ọ́síjìn kókó yẹn, òun nìyẹn. Kò gba àwòrán kankan.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe rà á. Lójú tèmi náà, ó jọ ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́. Henke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é fún aláìsàn 351 tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2003. Ẹ̀jẹ̀ wọn gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà tún burú ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ẹ fi lé dókítà wọn lọ́wọ́.

EwéLójúbà

Omi kan wà tí wọ́n ti fẹ́ ọ́síjìn sí. Ẹ fún Bàbá ní ife mẹ́ta lóòjọ́, ọ̀rọ̀ tán.

Oníláàbù

Ikùn kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀mí kan ṣoṣo téèyàn mí sínú ní ọ́síjìn ju èyí tó wà nínú ife omi yẹn lọ.

Ojú-lalákàn

Ó dáa, mo ti gbà pé ó ṣeé wọ̀n. Ìbéèrè mi báyìí ni pé kí wá ni? Bí àwòrán bá ní ebi ń pa kókó, kín ni wọ́n máa ṣe fún Bàbá tí wọn kò ní ṣe tẹ́lẹ̀?

Mo ka díẹ̀ kí n tó wá síbí o. Tirapazamine, oògùn tó ń dìídì pa sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn: wọ́n dán an wò fún èèyàn 861, èsì jáde lọ́dún 2010, kò sí ìyàtọ̀. Nimorazole, oògùn tó ń ran ìtànṣán lọ́wọ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn: àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dán an wò fún 338 nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní NIMRAD, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ ń wọn ebi ẹni tí ẹ kò ní oúnjẹ fún.

Onítànṣán

Ọ̀rọ̀ tó mú ọgbọ́n dání nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn lẹ sọ.

Ẹ mú tirapazamine. Kó tó di ti 861, wọ́n ti ṣe èyí tó kéré ní Ọsirélíà, wọ́n sì ya FMISO fún aláìsàn 45 nínú wọn. Ẹ wo àwọn tí àwòrán wọn fi ebi hàn nìkan. Nínú àwọn 13 tí kò gba tirapazamine, jẹjẹrẹ padà sójú ibi tó wà tàbí sí ọrùn fún 8. Nínú àwọn 19 tó gbà á, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìyẹn jáde lọ́dún 2006. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe èyí tó tóbi, wọn kò fi àwòrán yan ẹni tó máa gba oògùn: ẹni tí ebi ń pa kókó rẹ̀ àti ẹni tó yó, gbogbo wọn ni wọ́n jọ kó sínú rẹ̀. Bí mo bá pín oògùn ibà fún gbogbo ẹni tó jókòó sí iwájú ilé ìwòsàn, títí kan ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣé mo lè ní oògùn ibà kò ṣiṣẹ́?

Nimorazole ní ti Dẹ́nmáàkì, nínú ìdánwò tí wọ́n pè ní DAHANCA 5 tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1998, gbé iye àwọn tí kókó wọn kò padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún láti 33 sí 49 nínú 100. Wọ́n fi ṣe ìtọ́jú gbogbogbò níbẹ̀. Ní Nijmegen, ní Nẹ́dálándì, aláìsàn 345 tó ní jẹjẹrẹ gògóńgò ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n fún apá kan ní ìtànṣán nìkan. Apá kejì ń mí carbogen, ìyẹn ọ́síjìn 98 àti carbon dioxide 2 nínú 100, wọ́n sì ń lo nicotinamide, oríṣi fítámì B kan, mọ́ ọn. Àwọn tí pimonidazole fi hàn pé ebi ń pa kókó wọn, tí wọ́n sì gba èyí, jẹjẹrẹ kò padà sí ọrùn ẹnì kankan nínú wọn. Nínú àwọn ẹgbẹ́ wọn tó gba ìtànṣán nìkan, 55 péré nínú 100 ló yè é.

Ti NIMRAD, mo gbà fún yín. Àwọn yẹn wọn ebi: wọ́n ka àwọn jíìnì 26 nínú ègé kókó láti fi mọ ẹni tó kàn, síbẹ̀ oògùn náà kò ṣe nǹkan kan fún àwọn tí wọ́n ní ebi ń pa. Ó dùn wá. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

Ojú-lalákàn

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ìyẹn jáde. Kì í ṣe gbogbo onítànṣán ló máa sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi Abígbẹ̀yìn: ṣé àwòrán yìí máa yí ìtọ́jú Bàbá padà, àbí wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ ni? Ẹ bi dókítà yín. Méjèèjì dára, wọn kì í ṣe ohun kan náà.

Oníláàbù

Ẹ bi í léèrè p16 náà, àyẹ̀wò ègé kókó tó ń tọ́ka sí HPV. Bó bá jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì HPV ló fa jẹjẹrẹ ẹ̀yìn ahọ́n yẹn, ó máa ń gbọ́ràn sí ìtànṣán lẹ́nu ju èyí tí sìgá fà lọ.

Níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń lo àwòrán yìí lódìkejì: kì í ṣe láti fi ìtọ́jú kún un, láti dín in kù ni. Ní Memorial Sloan Kettering ní New York, wọ́n kó àwọn tí tiwọn jẹ́ ti HPV jọ, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ yọ orísun rẹ̀, wọ́n sì ya FMISO fún wọn kí ìtànṣán tó bẹ̀rẹ̀. Bí ebi bá wà nínú kókó ọrùn wọn, wọ́n á tún yà á lẹ́yìn tí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àwòrán rẹ̀ kò fi ebi hàn, tàbí tí ebi rẹ̀ ti lọ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, 30 Gray (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) ni wọ́n fún un láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dípò 70 láàárín ọ̀sẹ̀ méje, pẹ̀lú kẹ́mò. 128 nínú 152 ló bọ́ sí ẹgbẹ́ yẹn. Lẹ́yìn ọdún méjì, nínú wọn, ó tó nǹkan bí 95 nínú 100 tí jẹjẹrẹ kò padà sí ojú ibi tó wà tàbí sí ọrùn. Ẹni tó bá ti rí ọ̀fun tó gba 70 Gray rí, bí itọ́ ṣe ń gbẹ, bí gbígbé oúnjẹ mì ṣe ń di ogun, á mọ ohun tí 30 jẹ́.

Ẹ má wá lọ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ 30 o! Ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni, àwọn tí wọ́n yàn sì ni, a ti yọ orísun ti àwọn yẹn.

MoTiDébẹ̀

Ìgbà méjì ni wọ́n ya tèmi náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí àwòrán méjèèjì kò jọra? Apá kan tó tàn ní ìgbà àkọ́kọ́, ó ti ṣú ní ìgbà kejì. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Onítànṣán

Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Oríṣi ebi méjì ló wà. Èkíní ni ti àwọn tó jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ìyẹn máa ń wà lójú kan. Èkejì ni ti iṣan tó dí tó tún là, ìyẹn lè yí padà láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí. PET kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n ti ya aláìsàn kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta láì tíì fún un ní ìtọ́jú kankan, ibi tó ń tàn sì ti kúrò lójú kan fún àwọn kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí bí ẹnìkan bá ní kí a da ìtànṣán púpọ̀ sí ojú ibi tó tàn nìkan. Ẹyẹ tí kò bà sórí ẹ̀ka kan lè ti fò kí ọfà tó débẹ̀.

Bí ìtànṣán bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kókó ń rọ̀, ẹnu tó ń jẹ ọ́síjìn ń dín, ebi ń fúyẹ́. Àwọn ará Dresden rí i pé àwòrán tí wọ́n yà ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ìtọ́jú sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí ju èyí tí wọ́n yà ṣáájú lọ. Kókó tí ebi ṣì ń pa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ká máa fojú sí. Tìrẹ tó ṣú ní ìgbà kejì, ìròyìn ayọ̀ ni, arákùnrin.

Ọ̀nà MRI náà wà, kò sí oògùn onítànṣán nínú rẹ̀. Aláìsàn á mí afẹ́fẹ́ lásán, wọ́n á ya á, á sì mí ọ́síjìn gidi láti inú agolo, wọ́n á tún ya á. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti kún, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù á yọ́ sínú omi ara, àwòrán á yí. Ibi tí ebi wà, hẹmoglóbíìnì tó ṣófo á gbé gbogbo rẹ̀ mì, àwòrán kò ní yí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, agolo tí Abígbẹ̀yìn fẹ́ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn rí iṣẹ́ ṣe níkẹyìn, àmọ́ inú yàrá MRI ni.

Abígbẹ̀yìn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti padà lọ bá dókítà.

Mo bi í ní ìbéèrè Ojú-lalákàn ní tààrà. Ó ní rárá, àwòrán náà kò ní yí ìtọ́jú Bàbá padà. 70 Gray pẹ̀lú kẹ́mò ni wọ́n máa gbà bó ti wù kó rí. Ó ní àwọn fẹ́ yà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú ìtọ́jú àti ní ọ̀sẹ̀ kejì, pé kò ní fa ìtọ́jú sẹ́yìn lọ́jọ́ kan. p16 Bàbá jáde: kò sí. Ti sìgá ni. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ nígbà tó sọ ọ́, Bàbá kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a wọ inú ọkọ̀ ni wọ́n yọ páálí sìgá látinú àpò, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé náà. Wọ́n ní: “Kí wọ́n wá wo ibi tí ebi ti ń pa á lọ́rùn mi. Àmọ́ kí wọ́n má bọ́ ọ o.”

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé bíbọ́ ọ gan-an la fẹ́ bọ́ ọ, kí ìtànṣán lè rí i pa.

Abígbẹ̀yìn

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ó dà bíi ti àgbò ọdún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwòrán àkọ́kọ́. Mo ti wá rédíò kékeré sílẹ̀ fún ìdúró wákàtí méjì yẹn.